Rùfáì, Dákẹ́! Lékèélékèé Ń Bọ̀!

Sátidé ni. Ṣẹ̀fíátù jí, lékèélékèé nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Kúbúrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rí lékèélékèé tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì. Ṣẹ̀fíátù kò rí i rí. Ó ń dùn ún gan-an!

"Òjò ti bẹ̀rẹ̀," ni Bàbá wí. "Àwọn ẹyẹ yẹn kò ní pẹ́ lọ. Ká lọ wò wọ́n lónìí."

"Ẹ mú Rùfáì dání o!" ni Ìyá wí.

Rùfáì! Rùfáì ṣáá! Àbúrò Ṣẹ̀fíátù ni. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Wọ́n dé ọgbà ìgbafẹ́ ní Ọ̀wọ̀. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti fà síta, ó ń fi báírò yí i padà.

Wò ó! Lékèélékèé kan wà nínú adágún omi ọgbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó rí tín-ín-rín.

Pọ́ọ̀... ó dúró. Pọ́ọ̀... ó dúró. Ó ń rọra gbẹ́sẹ̀, ó ń wá ọ̀pọ̀lọ́. Ṣẹ̀fíátù kò tilẹ̀ mí.

Rùfáì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ń mi ìka rẹ̀.

"LÉKÈÉLÉKÈÉ! FÚN MI NÍ FUNFUN O!"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọdé ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́, kó lè fi funfun sí èékánná wọn.

Fàààà! Ẹyẹ fò lọ.

"Rùfáì! Dákẹ́!"

"Mo ti dákẹ́, Àǹtí."

Wọ́n dúró títí. Ẹyẹ padà wá. Pọ́ọ̀... ó dúró. Pọ́ọ̀...

"LÉKÈÉLÉKÈÉ! ÌKA KÉKERÉ YÌÍ Ń KỌ́?"

Fàààà!

"Rùfáì! Ṣé etí rẹ di ni?" Ṣẹ̀fíátù fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ó ti sú mi! Ó sú mi pátápátá!"

Rùfáì na ìka rẹ̀ sí i. "Àǹtí, mo fẹ́ funfun ni."

Ṣẹ̀fíátù mí kanlẹ̀. Ó ronú díẹ̀.

"Ó dáa. Máa bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kó o fi bẹ̀ ẹ́. Má fi ẹnu bẹ̀ ẹ́."

Rùfáì pa ẹnu dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi pọ́fù-pọ́fù. Ó ń mi ìka, ó ń mi ìka.

Ẹyẹ padà wá. Pọ́ọ̀... ó dúró. Pọ́ọ̀... ó sún mọ́ wọn. Ó na ọrùn...

TÓÓ! Ó mú ọ̀pọ̀lọ́. Kàló! Ó gbé e mì.

Ṣẹ̀fíátù fò sókè. "Ó GBÉ E MÌ! BÀBÁ, MO RÍ I! Ó GBÉ E MÌ O!"

Fàààà!

"Àǹtí! Ẹ dákẹ́!" Rùfáì fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ṣé etí yín di ni?"

Ẹyẹ fò kọjá lórí wọn. Pọ́tọ́! Ó yàgbẹ́. Ìgbẹ́ náà funfun báláú, ó sì bọ́ sórí èékánná Ṣẹ̀fíátù.

Rùfáì wo ìka Àǹtí rẹ̀. Ó wo tirẹ̀.

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí báírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù náà rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára koríko, ó sì gbé Rùfáì sókè.

Àwọn méjèèjì jọ pariwo:

"LÉKÈÉLÉKÈÉ! FÚN RÙFÁÌ NÁÀ O!"