Bí Ato Ṣe Di Ọmọ Àtíkòrí

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1983, tí ọyẹ́ ṣì ń fi eruku funfun kun ewé kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni rédíò kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní sọ́míìlì Pa Daniel Ọ̀rẹ́dọlá ní Àtíkòrí, àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tí akéde parí, gbogbo wọn kàn ń wo Súnkànmí, tó ń pọ́n eyín ayùn ńlá lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wò. Ó tún tẹrí ba sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ato Quansah ni orúkọ tí wọ́n sọ Súnkànmí ní Saltpond, létíkun Gánà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó mọ gẹdú í là, mú un wá sí Àtíkòrí lọ́dún 1965. Kò pé ọdún méjì tí igi ìrókò kan wó lu bàbá náà nínú igbó, tí ó sì kú. Pa Daniel, ọ̀gá rẹ̀, tó máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, mú ọmọ náà wọlé, ó sì sọ ọ́ ní Emmanuel Súnkànmí. Màmá Hannah, ìyàwó rẹ̀, dá ṣòkòtò kákí fún un, ó fi í sí ilé ìwé. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó ti di ọkùnrin ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìjẹ̀bú ló fi ń lá àlá.

Ohun kan wà tí ará ilé kò mọ̀. Súnkànmí àti Adédoyin, ọmọ kan ṣoṣo tí Pa Daniel bí, ti ń fẹ́ra. Télọ̀ ni Adédoyin, ẹnu ọ̀nà ilé ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, kí ó lè máa gbọ́ ohùn Màmá Hannah, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣàdéhùn pé bí Àjíǹde bá kọjá, àwọn yóò sọ fún Bàbá.

Súnkànmí wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì imigiréṣọ̀n ní Abẹ́òkúta. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Mùbàṣírù gbà á lálejò.

"Ẹni tó bá ti wà níbí ṣáájú 1963 lè dúró," akọ̀wé náà wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"1965 ni bàbá mi mú mi wá, sà. Ó ti kú. Ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógún nìyẹn. Mo gbọ́ pé ẹni tó bá lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè bèèrè pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ Nàìjíríà."

"Òótọ́ lo gbọ́. Ìwé la fi ń ka ọdún níbí. Tìrẹ dà?"

"Mi ò ní."

Súnkànmí sún mọ́ tábìlì. "Bí mo bá wá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà ńkọ́, sà?"

Akọ̀wé náà gbé bírò sílẹ̀. "Ká ní obìnrin ni ọ́, tí ọkọ rẹ jẹ́ ọmọ wa, òfin ní àyè fún ọ. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọbìnrin wa kò ní àyè kankan nínú rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Bí o bá níbi tí o lè lọ, tètè lọ kí ọ̀nà tó kún."

Ọ̀nà ti kún. Ní gáréèjì Ṣágámù, bó ṣe ń padà bọ̀ wálé, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ rẹrẹẹrẹ, èèyàn jókòó lórí mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n gbé fáànù àti àwo tánńganran mọ́ àyà. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti orí ọkọ̀, ó bá Súnkànmí sọ̀rọ̀. Súnkànmí mọ̀ pé èdè bàbá òun ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ju "omi" lọ nínú rẹ̀. Ó ra omi, ó nà án sí i. Ọkùnrin náà tún bi í ní nǹkan. Ọkọ̀ sì gbéra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àdúrà, Pa Daniel ní kí Súnkànmí jókòó.

"Mo ti rò ó," bàbá náà wí. "Lọ́la, a ó lọ sí kóòtù. Màá búra pé èmi ni mo bí ọ, nínú ilé yìí, lọ́dún 1955. Ìyá rẹ náà á tẹ̀ka."

"Bàbá, Bíbélì lẹ máa fi búra."

"Mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi búra. Mi ò lè jókòó kí wọ́n máa kó ọmọ mi lọ bí ẹrù. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà ńbẹ̀, tèmi ni."

Súnkànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì tètè dìde. Bàbá rò pé ayọ̀ ló mú un. Ó fọwọ́ pa á lórí.

Adédoyin ti gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ. Nígbà tí Súnkànmí jáde sí i, kò dẹ́kun aṣọ tó ń rán.

"Bí mo bá gbà kí wọ́n búra," Súnkànmí wí, "ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo dà. Kò sí pásítọ̀ tí yóò so wá pọ̀ mọ́."

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá lọ, ṣé wàá tẹ̀ lé mi?"

"Ta ni yóò máa gbé Màmá lọ sí balùwẹ̀?" Ó gé òwú. "Ta lo mọ̀ ní Saltpond?"

"Mi ò mọ ẹnì kankan."

Adédoyin pa aṣọ náà pọ̀, ó tún tú u palẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n búra," ó wí. "Ó sàn kí n máa rí ọ ju kí n máa ro ibi tí o wà."

Wọ́n lọ sí kóòtù. Bàbá búra, akọ̀wé kóòtù sì ka ìwé ìbúra náà sókè: Emmanuel Súnkànmí Ọ̀rẹ́dọlá, ọmọ bíbí Àtíkòrí. Nígbà tí wọ́n délé, Adédoyin wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó sì yíjú sí Súnkànmí. "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá," ó wí. Láti ọjọ́ náà kò pè é ní "ìwọ" mọ́.

Ọlọ́pàá wá sí sọ́míìlì lóòótọ́. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n dá a padà, wọ́n ní kó má bínú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù kò la ẹnu wọn. Pa Daniel kò sì ka ẹ̀kọ́ Bíbélì mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ojú ń dun òun. Ó kú ní ọjọ́ kejì ọdún 1985, ìwé sì ti sọ Súnkànmí di àrólé.

Lóṣù Èbìbí ọdún yẹn, ìjọba tún lé àwọn àlejò. Ọkọ̀ akẹ́rù tún kún ojú ọ̀nà. Ní Sátidé kan nínú oṣù yẹn, àwọn èèyàn Ọláwálé, tíṣà kan láti Makun-Omi, kó iṣu, oyin àti ẹja gbígbẹ wá tọrọ Adédoyin. Wọ́n bá Súnkànmí lórí àga Pa Daniel, ó wọ agbádá ẹtù tí olóògbé fi sílẹ̀. Àgbà wọn dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

"A wá bẹ̀ yín ni, kí ẹ fún wa ní àbúrò yín."

Adédoyin wà lórí ìkúnlẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni Ọláwálé ti ń wá, Adédoyin ń kọ̀. Nígbà tó yá, ó gbà, ó ní ọmọkùnrin wà nílé tí yóò máa tọ́jú Màmá. Súnkànmí gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó súre fún un, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń súre. Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn gbé Adédoyin lọ sí ìhà omi, tí àwọn aládùúgbò ti túká, ó bọ́ agbádá, ó gbé oúnjẹ lọ sí yàrá Màmá Hannah.

"Ṣé wọ́n ti lọ?" ìyá náà bèèrè.

"Wọ́n ti lọ, Màmá."

"Ìwọ ò ní lọ síbì kan, àbí?"

"Rárá, Màmá," ó wí. "Ọmọ ilé ni mí."