Ọjọ́ Méje Nínú Ìwé Àyè

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni Ramlah jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní ilé tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara ní Ring Road. Ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá wà lórí itan rẹ̀. Ìwé mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Ìwé Àyè, wà lórí tábìlì.

Àwòrán tí ẹ̀rọ ibẹ̀ bá yà kì í gbé inú ilé náà. Orí ìntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní kílàódù, kí dókítà tó wà ní ilé ìwòsàn lè ṣí i wò láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí àmù ṣe ń kún ni ibi ìpamọ́ náà ń kún. Iṣẹ́ Ramlah ni kí ó máa wo bí ó ti kún tó láràárọ̀, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sínú Ìwé Àyè. Bí ó bá ti dé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó pe Ẹnjiníà Gbádérọ̀ ní Akobo, kí ìyẹn fẹ àyè náà sí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Iṣẹ́ Ramlah kò le, ó kàn máa ń súni ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì òwúrọ̀ a máa wọ́ bí ìgbín, ó sì lè gba ogún ìṣẹ́jú kí ojú ìwé náà tó ṣí. JAMB ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kejì tí Ramlah máa ṣe é nìyí.

"Kí lo ń wò níbẹ̀ láti àárọ̀?" Shakirah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, fa àga sún mọ́ ọn. Òun náà fẹ́ ṣe JAMB.

"Mo ń retí kó ṣí."

"Èló ni lánàá?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

"Níjẹta ńkọ́?"

"Méjìlélọ́gọ́ta."

"Ó parí! Ẹyọ kan ló ń fi lé sí i lójúmọ́ láti ìgbà tó o ti débí. Ìwọ tó o fẹ́ kàwé ìṣirò ní yunifásítì ló tún ń dúró kí kọ̀ǹpútà bá ẹ fi ẹyọ kan kún un? Àbẹ́gì, kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ ká ráyè kàwé."

Ramlah rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Ó mú báírò, ó kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta síwájú Ọjọ́rú, ó kọ márùndínláàádọ́rin síwájú Ọjọ́bọ̀, ó sì ń kọ ọ́ lọ títí ó fi kọ àádọ́rin síwájú Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fo Ọjọ́ Àìkú, nítorí wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Irọ́ náà gún régé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Démiládé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya àwòrán, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tuntun. Ó pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó. Ohun tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ń hàn kedere nínú àwòrán rẹ̀. Ramlah pàtẹ́wọ́. Kò rò ó pé àwòrán tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò wúwo: ẹyọ kan rẹ̀ ń gba àyè mẹ́wàá ti àtijọ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kílàódù ti kún dẹ́nu.

Ní Ọjọ́ Ajé, Alhaji Abdussalam wá láti Ẹlẹ́yẹlé. Apẹja ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún wọn, dókítà sì gbọ́dọ̀ rí àwòrán kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Wọn kò jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

"Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ̀yin ọmọ," wọ́n ní. "Ẹja ló yẹ kébi máa pa, kì í ṣe apẹja."

Démiládé ya àwòrán náà, ó tẹ̀ ẹ́ kí ó lọ. Ẹ̀rọ sọ fún un pé ó ti lọ. Kò mọ̀ pé ibi tó ń lọ kò gbà á.

Ní Ọjọ́rú, dókítà pè. Kò rí nǹkan kan. Wọ́n yẹ inú ẹ̀rọ wò. Àwòrán ogún èèyàn péré ló máa ń gbà dúró, bí ti tuntun bá ṣe ń wọlé ni ti àkọ́kọ́ ń jáde. Ti Alhaji ti jáde. Dókítà fi ẹlòmíràn sí ipò wọn, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Màdámú Àtọ́kẹ́ Ayẹni, tó ni ilé iṣẹ́ náà, pe gbogbo wọn.

"Démiládé, níbo lo fi àwòrán bàbá náà ránṣẹ́ sí?"

"Mà, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní ó lọ."

"Ó lọ síbo? Ó lọ kí àwọn ará ilé rẹ?"

"Bóyá ibẹ̀ ló kún, mà."

Màdámú ṣí Ìwé Àyè. "Àádọ́rin ni wọ́n kọ síbí láàárọ̀ yìí. Ramlah, ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yẹn ló sì pa Démiládé lára.

"Kó ẹrù rẹ," Màdámú sọ fún un. "Ẹ̀rọ tuntun kò yẹ ọwọ́ àìbìkítà."

Nígbà tí wọ́n jáde, Ramlah ṣí kọ̀ǹpútà. Ilà pupa gba ojú rẹ̀ kan: ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Shakirah rí i.

"Pe Ẹnjiníà kíákíá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tó bá ti fẹ̀ ẹ́, ilà yìí á lọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Démiládé ńkọ́?"

"Òun mọṣẹ́, á rí ibòmíì. Ìwọ ńkọ́?"

Ramlah ti mú fóònù. Láti ẹnu ọ̀nà, ó ń wo Démiládé bí ó ti ń ká ẹ̀wù funfun rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù. Kò bínú, kò pariwo, ó kàn ń ká a. Ramlah gbé fóònù sílẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká náà tòun ti ilà pupa rẹ̀, ó kó Ìwé Àyè lé e, ó sì wọ yàrá Màdámú lọ.

"Mà, irọ́ ni ìwé yìí. Ọjọ́rú tó kọjá ni mo ti kọ ti òní sílẹ̀. Démiládé ò ṣe nǹkan kan."

Màdámú wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì wo ìwé.

"Pè é padà," ó ní níkẹyìn. "Ìwọ, o ò ní bá wa ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn òní. Ṣùgbọ́n kó o tó lọ, wàá lọ sọ fún Alhaji. Kì í ṣe lórí fóònù."

Ramlah bá wọn létí omi Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Kò dárúkọ Shakirah.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," Alhaji ní. Wọ́n fọwọ́ lé ikùn. "Ìrora yìí ò mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Àwa apẹja kì í ka ẹja tó ṣì wà nínú odò. Bó o bá ka márùn-ún, tí àwọ̀n gbé méjì jáde, ta lo fẹ́ bá jà?"

Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì í. Wọ́n ní kí ó dìde, ilẹ̀ tutù. Ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún febi sínú lọ sí Ring Road lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tí a fi ṣọ́ nǹkan, wíwò ni iṣẹ́ rẹ̀. Iye tí a kọ láìwò, irọ́ ni, kódà bí ó bá ṣèèṣì bá òótọ́ mu. Ẹni tó sì kọ ọ́ kì í sábà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ìyà rẹ̀ máa jẹ.