Ìjàpá Rufus àti Omi Inú Bíréèkì Rẹ̀

Ìjàpá, ọkọ̀ kékeré àtijọ́ tí Rufus fi oṣù mẹ́jọ tún ṣe, kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré ní Sátidé tó kọjá. Orí òkúta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Múyì mẹkáníìkì ní Adégbayì, wọ́n ti yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Rufus fúnra rẹ̀ ló ń fọ páìpù bíréèkì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí.

Akọ̀wé ni Rufus ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan. Ọdún 1995 ló ra ọkọ̀ náà lálòkù. Múyì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, ó fi kábúrétọ̀ kejì kún un, ó sì yọ àga ẹ̀yìn kúrò kí ó lè fúyẹ́. Ìdíje náà kò lọ́jú pọ̀: ọkọ̀ méjì á sá mítà irinwó lórí ọ̀nà oko kan nítòsí Ìyànà Ọ̀fà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló borí. Ọ̀nà náà já sí ìdí igi àgbálùmọ̀ kan. Ibẹ̀ ni àwọn òǹwòran máa ń dúró sí.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, Rufus àti Múyì yà sọ́dọ̀ Morónikẹ́, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó dáa. Lọ́túnla, Ìjàpá á fò!" ni Rufus wí.

"Ìjàpá ti fò rí. Ṣé o rántí bó ṣe balẹ̀?" ni Morónikẹ́ fèsì. "Rufus, o ti ra kábúrétọ̀ lọ́wọ́ mi, o ra táyà. O ò ra òróró bíréèkì rí. Kí ló wà nínú bíréèkì rẹ?"

Rufus wo Múyì. Múyì rẹ́rìn-ín.

"Omi ọṣẹ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ṣebí omi bíréèkì la ń pè é? Omi lomi ń jẹ́."

"Omi ojú ńkọ́, Múyì? Omi ni ìyẹn náà. Ṣé o máa dà á sí i?"

Múyì gbé agolo òróró bíréèkì kan wò.

"Orúkọ ló tàn yín jẹ," ni Morónikẹ́ wí. "Òróró tí kì í tètè hó ni. Bí Rufus bá ti orí eré tẹ bíréèkì, irin á gbóná, omi ọṣẹ á hó, á di afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ á wọlẹ̀ tìì, ọkọ̀ ò ní dúró."

"Ṣùgbọ́n ó ń dúró lórí títì, Ẹ̀gbọ́n," ni Rufus wí.

"Torí pé o ń rọra lọ ni. Ta ló máa dúró dè ọ́ nídìí àgbálùmọ̀?"

"Mojísọ́lá, ìyàwó mi." Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀.

Kò ra púlọ́ọ̀gì mọ́. Òróró bíréèkì ló rà. Nígbà tí Múyì tú bíréèkì ẹ̀yìn lọ́jọ́ kejì, omi tó dógùn-ún ló tú jáde. Rọ́bà inú rẹ̀ ti wú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ tún ohun tó ń dá a dúró ṣe, kí ẹ tó kan ohun tó ń mú un sáré. Òróró bíréèkì inú agolo tí ẹnìkan kò tíì ṣí ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe bá ara yín díje lójú pópó, ẹ má sì jẹ́ kí ènìyàn dúró níbi tí ọ̀nà parí sí. Bí omi ọṣẹ bá ti wọ bíréèkì yín, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí wọ́n á fi fọ bíréèkì náà, tí wọ́n á sì pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn ni Múyì ti da omi ọṣẹ sí lọ́dún yìí. Ó ti rí méjì, ó sì ti fọ bíréèkì wọn. Ẹ̀kẹta ni Dátsùn funfun tí Sàníù fi ń kó èrò láti Adégbayì. Múyì ránṣẹ́ sí Sàníù láàárọ̀ yìí pé kó má wa ọkọ̀ náà. Títí di ìgbà tí a kọ ìròyìn yìí tán, a kò tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí Múyì rán náà bá Sàníù kó tó kó èrò gbéra.