Ẹsẹ̀ Iwájú Kẹ̀kẹ́ Mọ́ṣúdù

Omi ló wá tọrọ. Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1981. Èmi àti Àsíátù, ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ aró, ń sá àdìrẹ ní àgbàlá wa ní Ìgbẹìn, l'Ábẹ́òkúta, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe gbé kẹ̀kẹ́ léjìká wọlé nìyẹn, òógùn bò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi díẹ̀ kí n fi wá ibi tí tíúbù mi ti lu."

Àsíátù wò ó tòkè-tilẹ̀. Àsíátù ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. "Ta ni ìyá ẹ? Àbí inú ìkòkò aró wa lo fẹ́ tì í bọ̀?"

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa rẹ ẹ́, ẹ jẹ́ ó wọbẹ̀."

Àsíátù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ó parí! Ẹni tó bá fún Àsíátù lésì, tó tún pa á lẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Mọ́ṣúdù lorúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí kò fi sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kẹ̀kẹ́ yẹn kì í fara ti ògiri wa. "Aláró mi" ló ń pe Àsíátù. Àsíátù náà á ní, "Ológeere mi, o ti dé?" Ìfẹ́ wọn dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́.

Bàbá Àsíátù, Alhaji Láwàlì, ni kò dùn mọ́. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Ṣàpọ́n láti ìgbà bàbá wọn. Wọ́n pe Mọ́ṣúdù jókòó.

"Ìwà ẹ ò burú, o ń kírun, mo mọ ilé yín. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ gígùn, iṣẹ́ nìyẹn? Lọ wáṣẹ́. Ọjọ́ tó o bá ríṣẹ́ ni mo máa so yìgì fún yín."

Iṣẹ́ sì wà lọ́nà. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ láti Abẹ́òkúta dé Wásinmi, àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, wọ́n á gbà á síṣẹ́, á máa fi orúkọ wọn sáré káàkiri.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló kù. Irin wíwúwo ló wà lára ti Mọ́ṣúdù, irú èyí tí wọ́n fi ń ru ẹmu bọ̀ láti oko. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gba ọ̀dọ̀ Josiah lọ, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ṣàpọ́n. Irin tuntun wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ fífúyẹ́ tuntun wà, a ò tilẹ̀ béèrè iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àlòkù fífúyẹ́ kan ṣoṣo tún wà, láti Èkó, tó ti dúdú, tí gíríìsì ti gbẹ mọ́ lára.

Àsíátù gbé àlòkù náà. Ó kọjú sí mi, ẹnu yà á. "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ gbé e wò! Ó fúyẹ́ bí igbá!"

"Bó bá jẹ́ èmi ni," Josiah ní, "irin tuntun ni màá rà. Kò yá, ṣùgbọ́n kò ní já ọ kulẹ̀. Àlòkù yìí á yá o, àmọ́ mi ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí l'Ékòó."

"Bọ̀dá Josiah," Mọ́ṣúdù ní, "ta ló ń fi irin gba ipò kìíní?"

Josiah mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù, fi irin sílẹ̀ níbẹ̀. Fi àlòkù síwájú. Èyí tó bá kù lówó ẹ, fi ra táyà gidi. Rííìmù dáadáa pẹ̀lú táyà jákujàku, òfo ni."

Owó Mọ́ṣúdù ò ká a. Àsíátù tú etí ìró rẹ̀, ó fi owó àdìrẹ tiẹ̀ kún un. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run mi, ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, Mọ́ṣúdù gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà wá. "Aláró mi, bá mi fọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ gbé ìdọ̀tí kọjá níwájú bàbá ẹ."

Èmi ò sí nílé. Omi sódà tá a fi ń po aró, èyí tó máa ń bó ọwọ́, la fi ń fọ gbogbo nǹkan nílé aró, korobá ni o, igi tá a fi ń ro aró ni o. Àsíátù po sódà tó kan dáadáa sínú kòtò sìmẹ́ńtì tá a ti ń ṣan aṣọ, ó tẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sí i láti ìrun ọ̀sán títí di ìrun Alásàrí. Ó ní ó ń hó ṣọ̀ọ̀, pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Ó tún fi iyanrìn ha á. Ìgbà tí mo dé, ó ti funfun báláú.

"Àsíátù, o káre!" mo ní. "Ìyàwó rere!"

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji fúnra wọn jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù láti wòran. Mọ́ṣúdù juwọ́ sí wọn, ó kọjá fìrì.

Josiah ló fi alùpùpù tẹ̀ lé àwọn tó ń díje. Ó ní nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Wásinmi, Mọ́ṣúdù ló wà níwájú, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, rííìmù ẹsẹ̀ iwájú já kúrò lára sípóòkù, àwọn irin tín-ínrín inú rẹ̀, ó ká. Orí ni Mọ́ṣúdù fi balẹ̀.

Alhaji wá sí ọsibítù. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú. "Dìde, àna mi. Mo ti gbà. Dìde ká so yìgì."

"Ológeere mi, o gbọ́?" Àsíátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá ti gbà!"

Nígbà tí Àsíátù sin bàbá rẹ̀ jáde, Josiah wọlé pẹ̀lú rííìmù tó fọ́. "Mọ́ṣúdù, kí lẹ fi fọ èyí? Ojú ihò sípóòkù ti fẹ́lẹ́ bíi bébà."

"Omi sódà."

Josiah káwọ́ lérí. "Yéè! Alumíníọ̀mù ni! Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀ náà ni!"

 Kò sí aláró tí ò mọ̀ ọ́n: a kì í da sódà sínú ìkòkò alumíníọ̀mù, torí ó máa ń jẹ ẹ́. Àwọn ìyá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, a ò sì dán an wò rí. Ṣùgbọ́n ta ló máa wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ táá rí ìkòkò ọbẹ̀?

Mọ́ṣúdù gbá ọwọ́ mi mú. "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ má sọ fún un. Ẹ ní kòtò ojú ọ̀nà ló fà á. Ẹ búra fún mi."

Èmi àti Josiah búra. Ó kú kí ìrun Jímọ̀ tó wọlé. Ọwọ́ Àsíátù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún, Àsíátù ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá ti rántí, á ṣépè fún kòtò ọ̀nà Wásinmi. Èmi á ní, "Àmín," màá sì yíjú sí ibòmíì.

Bùsírátù ló tú u síta, ìyàwó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó da omi sódà sínú ìkòkò alumíníọ̀mù. Ó hó ṣọ̀ọ̀.

"Dà á nù!" mo kígbe. "Ó máa jẹ ìkòkò yẹn!"

Àsíátù ti dìde. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó tẹ́tí sí i. "Ìyá Ẹ̀bùn, bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe ń hó nìyí, lọ́jọ́ tí mo fọ̀ ọ́."

Mi ò lè gbójú sókè.

"Kò sí kòtò kankan, àbí?"

Ìbúra wà lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n irọ́ ò jáde lẹ́nu mi.

"Ṣé Mọ́ṣúdù mọ̀?"

"Ó mọ̀. Òun ló ní kí n búra."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí aró ti sọ di dúdú. "Ó mọ̀," ó ní, "ó sì jẹ́ kí n di ọwọ́ òun mú títí tó fi kú."

Ó lọ bu omi, ó mú ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Mo ní, "Àsíátù, ó tó."  Látọjọ́ yẹn, kò tẹsẹ̀ sí ilé aró mọ́.