Aago Karùn-ún

Ìṣẹ́jú ni kò bára mu. Ká ní wákàtí ni, ta ni ì bá bìkítà? Wákàtí ilé àti ti òkèèrè ò lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú! Obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ ìṣẹ́jú bí ẹní mowó, ẹ ò lè fi ìṣẹ́jú kan tàn án jẹ.

Aláago ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ló ń to ìpàdé fáwọn èèyàn tó wà lórílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má bàa máa jí ẹnì kan lójú oorun nítorí pé ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán. Nínú yàrá rẹ̀ nílé ló ti ń ṣe é. Ọdún mọ́kànlá gbáko, kò pẹ́ dé ìpàdé kankan rí. Aago mẹ́rin ló wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe, tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Onírùngbọ̀n, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé wọn síbẹ̀. Kò sí àwòrán kankan tí èèyàn ń tẹ̀. Wọ́n á ṣí fèrèsé dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á kọ orúkọ aago, wọ́n á kọ iye wákàtí àti ìṣẹ́jú tó fi yàtọ̀ sí ti ilé, wọ́n á kọ àwọ̀ tó wù wọ́n, wọ́n á tẹ ẹ́ńtà. Aago á yọ gannboro. Tí wọ́n bá kọ àṣẹ mìíràn, fèrèsé dúdú náà á to gbogbo aago tó wà nílẹ̀, á sì sọ ẹni tó gbé kọ̀ọ̀kan síbẹ̀.

"Ẹni tó gbé e síbẹ̀ nìkan ló lè gbé e kúrò o," Onírùngbọ̀n ti sọ fún un. "Ká má bàa máa ba iṣẹ́ ara wa jẹ́."

Wákàtí aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ọwọ́ gígùn wọn máa ń wò.

Ní ọ̀sán Àìkú kan, aago mẹ́ta ààbọ̀ géérégé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè láti òkè òkun gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni ibẹ̀ fi wà lẹ́yìn ilé. Ó wá sí Aláago lọ́kàn láti gbé aago kan sójú kọ̀ǹpútà fún un, ló bá bi í léèrè.

"Bọ̀ọ̀dá, aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n dáhùn bí ẹni tó ń na ọrùn wo nǹkan tó jìnnà. "Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá."

"Méjìlá kẹ̀? Mẹ́wàá ààbọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Aago yín ti fà sẹ́yìn nìyẹn."

"Ohun tí mo rí ni mo sọ fún ọ, àbúrò." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì tutù. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè. Ó ní kí Ìyá wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ Aláago, máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mọ́tò á wá gbé wọn lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Kí wọ́n má di ẹrù kankan.

"Ìwé ìrìnnà wọn ńkọ́?"

"Wọn ò nílò ẹ̀."

Ta ló ń rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n sọ bí ẹ̀gbọ́n yìí ṣe padà sí wọn láyé, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọdún mẹ́fà ni wọn ò gbúròó rẹ̀ rárá. Wọ́n pè títí, wọ́n kọ̀wé títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Ìyá ṣubú lulẹ̀ nílé ìdáná. Aláago pè wọ́n, pè wọ́n, wọn ò mira. Bó ṣe fẹ́ sáré lọ pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì, fóònù dún lórí tábìlì. Ìyá dìde jókòó fúnra wọn, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n ní, "Gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni." Òun náà ni lóòótọ́. Wọ́n sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé kò sẹ́ni tó rántí bèèrè bí Ìyá ṣe mọ̀. Ìyá yí aago ọwọ́ wọn sí wákàtí ọmọ wọn ní ìjókòó yẹn, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa mọ ìgbà tó bá ń jẹun. Láti ìgbà náà ni àwọn fúnra wọn ò ti jẹ ju ṣíbí méjì lọ lójúmọ́.

Aláago kọ́kọ́ rò pé gbájúẹ̀ ni. Ayé ti bàjẹ́, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ohùn ọlọ́hùn. Ó bi ẹ̀gbọ́n léèrè ohun tí àwọn méjèèjì fọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré tí wọ́n sì rì mọ́ ẹ̀yìn ilé. "Díńgí Ìyá," ni èsì tó fún un, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún rò pé bóyá ẹ̀wọ̀n ló wà, níbi tí aago ògiri kan ṣoṣo ti bàjẹ́. Ìyẹn náà ò bá ọ̀rọ̀ mọ́tò mu.

Lọ́jọ́ Ajé ó ṣí fèrèsé dúdú, ó kọ orúkọ "Bọ̀ọ̀dá", ó kọ wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú méjìdínlógún sẹ́yìn, ó fi àwọ̀ eérú sí i. Aago karùn-ún yọ. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, aago náà ti fi ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún wà lẹ́yìn. Ó ké sí Onírùngbọ̀n lórí fóònù.

"Méjìdínlógún lo kọ síbẹ̀, òun náà ni mò ń rí níbí," Onírùngbọ̀n sọ. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó lè fà á sẹ́yìn. Ìlú wo gan-an tiẹ̀ ni? Mo mọ ibi tó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yàtọ̀, mo mọ ibi tó fi márùndínláàádọ́ta yàtọ̀. Irú èyí, kò síbì kankan láyé."

"Kò síbì kankan láyé," Aláago tún un sọ.

Nígbà tó di Sátidé, ó ti di mẹ́tàlélógún. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú kàlẹ́ńdà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà padà láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mẹ́fà, méjìlá, méjìdínlógún. Ìka rẹ̀ dúró lórí ọjọ́ Àìkú tí Ìyá ṣubú. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ìṣẹ́jú ẹ̀gbọ́n bá ti ayé mu. Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ìyá ti wọṣọ funfun, wọ́n jókòó sórí àga ní yàrá Aláago, wọ́n ń tòògbé, ọwọ́ òsì wọn wà lórí itan. Aláago tẹ̀ síwájú láti tún ìborùn wọn ṣe, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí aago ọwọ́ wọn. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó wo kọ̀ǹpútà. Aago eérú náà sọ ohun kan náà. Fóònù dún.

Ó gbé e. Kò mọ ohun tó sún un ṣe é, àmọ́ ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo aago Ìyá mọ́lẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "aago mélòó ló lù?"

 

"Mi ò rí i mọ́," ẹ̀gbọ́n ní. "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

Yéè! Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Aláago. Kò sí aago ògiri kankan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ọrùn ọwọ́ Ìyá ló ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá.

Ó tú okùn aago náà. Ó yí i títí ó fi bá wákàtí àti ìṣẹ́jú ilé mu. Kí ó má bàa sí níbi tí Ìyá ti lè tún mú un, ó dè é mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ní aago mẹ́rin, mọ́tò kan dúró síwájú ilé. Kò fun fèrè. Aláago dìde, ó fi ìka ṣí aṣọ fèrèsé díẹ̀, ó rí awakọ̀, iwájú ló kọjú sí, kò bojú wo ilé rárá. Fóònù tún dún nílẹ̀ níbi tó wà.

"Ọwọ́ ta ni aago yẹn wà?" ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Ọwọ́ mi. Ìyá ò ní lọ síbì kankan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ìgbà tó máa ń gbé e kọ́rùn nígbà èwe. "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjì, àbí? Mo ti rí i dáadáa báyìí. Mo ti ní kí mọ́tò máa padà, àbúrò."

Mọ́tò náà lọ. Ìyá la ojú, wọ́n wo aṣọ funfun tó wà lára wọn tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Ta ló wọ eléyìí fún mi? Ṣé mo ṣubú nílé ìdáná lẹ́ẹ̀kan ni? Ebi ń pa mí o." Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, wọn ò rántí nǹkan kan níbẹ̀. Aláago dì mọ́ wọn, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó se oúnjẹ, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sídìí iṣẹ́, ó bọ́ sí ìpàdé àkọ́kọ́ ní aago mẹ́sàn-án géérégé. Gbogbo wọn ti ń dúró dè é.

"Ẹ wo nǹkan!" Onírùngbọ̀n bú sẹ́rìn-ín. "Aláago wa pẹ́! Odidi ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o."

Ó wo aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́sàn-án géérégé. Ó wo aago mẹ́rin tí òun fúnra rẹ̀ gbé sójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ti fi ìṣẹ́jú kan lọ síwájú. Karùn-ún nìkan ló bá tọwọ́ rẹ̀ mu. Ó tú aago náà kúrò lọ́wọ́, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Aago karùn-ún ò yí padà, orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kì í ṣe "Bọ̀ọ̀dá" mọ́. "Àbúrò" ló wà níbẹ̀.

Ó sáré ṣí fèrèsé dúdú, ó kọ àṣẹ pé kó gbé e kúrò, ó tẹ ẹ́ńtà. Ìlà kan ṣoṣo ló fi dá a lóhùn: kò lè gbé aago yìí kúrò, Bọ̀ọ̀dá ló gbé e síbẹ̀.