Nígbà Tí Fée Dákẹ́

Àsàmáù ń gbé ní Ọ̀kà pẹ̀lú Màmá Àgbà àti Suleiman, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láràárọ̀, Suleiman máa ń pàlọ́ fún un. Bí ara rẹ̀ bá yá, wàrà-wàrà ni yóò pa àlọ́ náà tán, láìdánu dúró.

Ṣùgbọ́n Suleiman ní ikọ́ fée. Bí ọyẹ́ bá dé, àyà rẹ̀ á máa dún: fée... fée... Àlọ́ á wá máa gé wẹ́wẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Àgbà ń yan gaàrí lẹ́yìnkùlé. Èéfín wọlé.

“Àlọ́ o!” ni Suleiman wí.

“Àlọ̀!”

“Ó wọlé... fée... ó jáde... fée...”

“Ewúrẹ́ Màmá Àgbà ni!” ni Àsàmáù wí.

Suleiman rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́.

Màmá Àgbà sáré wá. “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Pẹ̀lẹ́.”

Fée. Fée. Fée.

Fée dákẹ́.

“Alihamudulilai! Ó ti sàn. Jẹ́ kó sinmi.” Màmá Àgbà padà sídìí gaàrí.

Inú Àsàmáù dùn. “Bọ̀dá Sule, parí àlọ́ wa.”

Suleiman la ẹnu. “Ó...”

Ọ̀rọ̀ kan péré. Kò rí ìyókù sọ. Ìhà rẹ̀ ń wọnú. Ètè rẹ̀ ṣú.

“Màmá Àgbà! Kò sàn! Kò lè pàlọ́!”

“Ṣebí ó ti dákẹ́?”

“Ó dákẹ́ jù!”

Màmá Àgbà wò ó. Ó kígbe: “Bùsàrí o! Gbé ọ̀kadà jáde!”

Bùsàrí ará ilé kejì sáré dé. Gbùrù-gbùrù-gbùrù! Màmá Àgbà gbé Suleiman gùn ún, ó di ọsibítù Ìkàrẹ́.

Kò sí àyè fún Àsàmáù. Ìyàwó Bùsàrí pọ̀n ọ́n. Gaàrí jóná.

Bàtà Suleiman kan ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àsàmáù gbá a mọ́ àyà.

“Àlọ́ o,” ni ó wí.

Ó ń wo ọ̀nà Ìkàrẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bùsàrí gbé Àsàmáù lọ bá wọn ní ọsibítù. Ojú Màmá Àgbà pọ́n.

“Mo rò pé ó ti sàn ni,” ni ó ń wí ṣáá. “Mo rò pé ó ti sàn.”

Nọ́ọ̀sì Theresa dì í lọ́wọ́ mú. “Màmá, bí fée bá dákẹ́, tí ọmọ ò sì lè sọ̀rọ̀, ó ti le jù nìyẹn. Ta ló tètè rí i?”

“Àbúrò rẹ̀ yìí ni.”

Àsàmáù wọ bàtà náà sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sùn lórí ibùsùn, jẹ́jẹ́.

Suleiman lajú. “Àlọ́ o.”

“Àlọ̀.”

“Ó wọlé, ó jáde, kò sẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Wàrà-wàrà! Ó pa àlọ́ náà tán.

Àsàmáù mọ̀ ọ́n. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Èémí ni, Bọ̀dá Sule.”

Ó gbé etí lé àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó wọlé.

Ó jáde.