Ohun Tí Ayùn Ń Jẹ

"Ṣé o ti dán ètò kọ̀ǹpútà yìí wò?" Bàbá tún bèèrè, téèpù ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti dán an wò, Bàámi."

Irọ́ gbuu ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò tíì dán ohunkóhun wò. Ara-ò-balẹ̀ ni wọ́n ń pè é nílé, orúkọ náà sì bá a mu wẹ́kú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun fìlà, ó pa á tì; ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ jìtá, ó pa ìyẹn náà tì. Nígbà tó wá gbé kọ̀ǹpútà àlòkù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ní òun fẹ́ kọ́ ara òun ní èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín ni ìyá rẹ̀ fi í rín. "Èyí náà á rọlẹ̀ láìpẹ́," ó ní.

Kò rọlẹ̀. Páítọ̀n ni èdè tó kọ́kọ́ mú. Kọ̀ǹpútà á ní ó ṣàṣìṣe, ọmọ náà á tún un ṣe, kọ̀ǹpútà á tún ní ó ṣàṣìṣe. Á bínú dìde, á rìn yí iyàrá po, á tún padà wá jókòó. Nígbà tó yá, ó kọ ètò kan fún bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà. Bàbá á sọ bí pákó ṣe gùn tó àti bí pẹpẹ tó fẹ́ gé ṣe gùn tó, kọ̀ǹpútà á sì sọ bí yóò ṣe gé e tí igi kò fi ní ṣòfò. Kódà ó ka ohun tí ayùn ń jẹ mọ́ ọn, nítorí ibi tí ayùn bá ti kọjá nínú igi, díẹ̀ lára igi náà á di eruku. Bàbá lo ètò yìí títí, kò já a kulẹ̀ rí.

Àfìgbà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i.

"Páítọ̀n kẹ̀? Èdè àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi! Síì ni àwọn tó mọṣẹ́ ń kọ."

Ojú ti ọmọbìnrin wa débi pé ó pa ètò náà rẹ́ pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní Síì, èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré. Bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé nọ́ńbà jáde báyìí, ó fò sókè, ó ní òun ti parí. Kò rántí ohun tí ayùn ń jẹ rárá.

Iṣẹ́ tó wà níwájú Bàbá lọ́jọ́ tó ń bi í bóyá ó ti dán an wò kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ṣeré. Apòògùn àdúgbò fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi igi tí ìyá rẹ̀ gbìn sẹ́yìnkùlé ṣe pẹpẹ rẹ̀. Ìyá náà ti kú, ìjì sì ti wó igi. Pákó tó jáde lára igi náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí wọ́n nílò lọ, kò sì síbi tí wọ́n ti lè ra irú rẹ̀.

Bàbá ń gé, ó ń súfèé. Nígbà tó kan pẹpẹ tó kẹ́yìn, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Súfèé dákẹ́.

"Ara-ò-balẹ̀, èyí kò ní dé ògiri kejì. Ṣé o ka ohun tí ayùn ń jẹ mọ́ ọn?"

"Mo gbàgbé, Bàámi. Mo fi èdè mìíràn tún un kọ ni. Mi ò dán an wò. Irọ́ ni mo pa."

Bàbá rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Gbígbàgbé kọ́ ló dùn mí. Mo bi ọ́, mo tún bi ọ́. Ká ní o sọ òtítọ́ ni, ǹ bá fúnra mi ṣírò rẹ̀ kí n tó gbé ayùn."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí apòògùn fi wọlé. Bàbá dìde. "Ẹ má bínú, Mà. Ọwọ́ mi ló..."

"Kì í ṣe ọwọ́ wọn, Mà," ọmọbìnrin náà já lu ọ̀rọ̀ náà. "Èmi ni." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan pamọ́.

Apòògùn fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó kúkúrú náà lára. Omi lé ròrò sí i lójú. "Abẹ́ igi yìí ni Màámi ti máa ń dì mí nírun," ó ní.

"Ṣé kí n fi igi mìíràn lẹ̀ ẹ́, Mà?" Bàbá bèèrè.

"Rárá. Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó jáde láì dágbére.

Ọmọbìnrin náà padà sídìí Páítọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Nígbà tó kọ ètò náà tán, àjákù pákó ni òun àti bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ṣọ́ọ̀bù ti ṣí báyìí. Bí wọ́n bá rán an lọ ra oògùn, ó máa ń rí àyè òfìfo lẹ́yìn orí apòògùn, níbi tí pẹpẹ kan ì bá wà. Obìnrin náà á tà fún un, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dun ọmọ náà jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ èdè tó bá wù yín, kí ẹnikẹ́ni má sì fi yẹ̀yẹ́ lé yín kúrò nídìí ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín kò bá tíì dá yín lójú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí igi ṣì wà lódindi.